Má, máa, mà: ọ̀rọ̀ bíńtín tó ń dá ìjà sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, Olóòtú. Mo tẹ "ma lo" ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, mi ò fi àmì kankan sí i, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ní tiẹ̀ kà á sí "má lọ", ló bá jókòó dè mí fún wákàtí kan gbáko, kò tíì yọ́nú sí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣé àwa nìkan ni "ma" ń dà láàmú báyìí ni, àbí ó wà lédè àwọn ẹlòmíì? Ibo ló tiẹ̀ ti wá?

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ jàre, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. "Má lọ" ń dá èèyàn dúró, "máa lọ" ń tú u sílẹ̀, "màá lọ" wá ń sọ pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ lọ, ká má tíì dé orí "ó mà lọ o" tó jẹ́ pé ìyanu ló ń ṣeni. Gbogbo wọn lẹ kó sínú lẹ́tà mẹ́rin láìfi àmì sí i, tí ẹ wá ní kí ọ̀rẹ́ yín mọ èyí tó wà níkùn yín.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù ṣá, torí àwọn ará Ṣáínà gan-an ń jìyà ẹ̀. Lédè Mandarin, tí ẹ bá pe "ma" sókè tó dúró gbọingbọin, màmá ni, tó bá ń gòkè bọ̀, ewéko kan tí wọ́n ń fi fọ́nrán ẹ̀ ṣe okùn ni, tó bá wálẹ̀ tó tún gòkè, ẹṣin ni, tó bá já wálẹ̀ lójijì, ó ti di kéèyàn bú ẹlòmíì. Èyí tí wọ́n ń pè fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́ di ìbéèrè, bíi "bí" tiwa nínú "ó lọ bí?" Wọ́n wá ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń dán ahọ́n ẹni tó ń kọ́ èdè wọn wò: māma mà mǎ ma? Ìyẹn ni pé, ṣé màmá ń bú ẹṣin ni?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àmì màmá nìyí, 妈: obìnrin ló wà lápá òsì, ẹṣin lápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó pe ìyá ẹ̀ lẹ́ṣin o, ìró nìkan ni wọ́n yá lọ́wọ́ ẹṣin. Tó bá wá di ti èébú, 骂, ẹnu méjì ni wọ́n gbé lé ẹṣin náà lórí, ó dá mi lójú pé ẹni tó rò ó ti jẹ èébú rí dáadáa.

Ti Vietnam tún le jù bẹ́ẹ̀, ohùn mẹ́fà ni wọ́n ní: "ma" ni iwin, "má" ni màmá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, "mà" ni àmọ́, "mả" ni sàréè, "mã" ni ẹṣin, "mạ" ni ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ẹni tó bá ṣi ohùn gbé níbi tó ti ń pe màmá, iwin ló ń ké sí yẹn.

Àwọn tí kò ní ohùn bíi tiwa náà ń lò ó. "Ma" àwọn ará Ítálì ni àmọ́, inú "magis" ti Látìn ló ti jáde, tó túmọ̀ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà ni Faransé ti rí "mais" tiwọn. Ní Hungary òní ni, ní Estonia èmi ni, ní Pólàńdì "ó ní" ni. Lárúbáwá, "mā" ni ohun tí, òun ló wà nínú Máṣá Allah, ohun tí Ọlọ́run fẹ́, àmọ́ "mā" yìí kan náà tún lè dúró fún "kò", ẹ rí i pé ó fẹ́ jọ "má" tiwa.

Ó jọ ọ́ lásán ni o, wọn ò bára tan. Ẹ pa ètè dé, ẹ là á, "ma" ti jáde, kò sí ìró tó rọ ẹnu lọ́rùn jù ú lọ, kálukú kàn ṣàdédé bá a lẹ́nu ara ẹ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: "Mà" tó wà nínú "ẹ káàárọ̀ mà" ńkọ́? Màmá mi ní Yorùbá pọ́ńbélé ni.

ÌDÁHÙN: Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀wọ̀ tiwa ti wà lára "ẹ" yẹn tẹ́lẹ̀. "Ma'am" la gé kúrú, "madam" sì ni àwọn Òyìnbó gé di "ma'am", àwọn náà gbà á lọ́wọ́ Faransé tó ń sọ pé "ma dame", ìyáàfin mi. "Dame" yẹn wá láti inú "domina" ti Látìn, obìnrin tó ń pàṣẹ nínú ilé. Ẹ wá wo ohun tí a gé dànù bá a ṣe ń gé e bọ̀: ìyáàfin gangan la gé, "mi" nìkan ló kù tí a fi ń kí àwọn àgbà.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tó jẹ́ pé "mama" ni gbogbo ayé ń pe ìyá?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe gbogbo ayé, àmọ́ wọ́n pọ̀. George Murdock, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa àṣà àwọn èèyàn, kó orúkọ 1,072 jọ tí àwọn èèyàn ń pe ìyá àti bàbá lóríṣiríṣi èdè, nígbà tó wá di 1960, Roman Jakobson, onímọ̀ èdè ọmọ Rọ́ṣíà, ṣàlàyé pé ọmọ tó ń mu ọmú kò lè la ẹnu, imú ló fi ń kùn, "m̀ m̀", tí ebi bá tún wá ń pa á, á kùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ sì gbà pé òun ló ń pè. Ní Georgia ṣá, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o, èyí tó múlé gbe Rọ́ṣíà, "deda" ni ìyá. Tí ọmọ bá ké "mama" níbẹ̀, bàbá ni kó dìde.