Okùn pólímà rẹ kò gùn dọ́gba? Wo irúgbìn rẹ kí o tó dá pólímà lẹ́bi

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní o fọ́ okùn PCL (pólímà kan, ìyẹn kẹ́míkà tí mólékù rẹ̀ gùn bí ẹ̀wọ̀n) di irúgbìn, ìyẹn ègé kúkúrú tí okùn tuntun á ti hù, nínú ethanol (ọtí), o kán pólímà tuntun lé e, o sì ṣírò pé okùn kọ̀ọ̀kan á gùn tó 500 nánòmítà (nánòmítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà). Àmọ́ nígbà tí àwòrán TEM (ẹ̀rọ tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo ohun tín-ín-tìn-ín) dé, okùn kan jẹ́ 200, òmíràn 1,500, àwọn wẹ́wẹ́ kan sì dà sáàárín wọn. Ọ̀gá rẹ ní pólímà náà ni kò dára, kí o lọ ṣe òmíràn. Jọ̀ọ́, má tíì dà á nù. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn, oṣù méje ni mo sì fi ṣòfò.

Ṣé o mọ bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́? Tí o bá gbé e kaná díẹ̀, tí hóró tín-ín-tìn-ín ṣì kù nínú rẹ̀, bó bá tún tutù, ara àwọn hóró yẹn ni ìyókù á lọ dì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Pólímà tó bá dé á dì mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, okùn á sì máa gùn. Irúgbìn 50 nánòmítà, tí o bá fi pólímà tó wúwo tó o lọ́nà mẹ́sàn-án lé e, á di 500. Láti 2007 ni ẹgbẹ́ Ian Manners àti Mitchell Winnik, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà, ti fi èyí hàn pẹ̀lú pólímà mìíràn tó ní irin nínú. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò lè bọ́ sí i àfi tí iye irúgbìn rẹ kò bá dínkù.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti jìyà. Níbi tí mo ti kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní kí n tan sonicator, ẹ̀rọ tó ń fi ìró fọ́ okùn di irúgbìn, fún ogún ìṣẹ́jú, kí n lọ jẹun. Mo bi í bóyá kò ní gbóná, ó ní rárá. Mo gbà á gbọ́, torí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Oṣù kìíní, okùn jáde ní gígùn jákujàku. Oṣù kejì, mo ṣe pólímà tuntun. Oṣù kẹta, mo ra ethanol tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa ń dúró kí n tó rí àyè nídìí TEM, tí mo bá sì débẹ̀, wọ́n á ní fọ́ọ̀mù mi kò pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wo àwòrán mi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó ní ọwọ́ mi ni kò mọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Kò béèrè bí mo ṣe fọ́ irúgbìn, kò béèrè ohunkóhun!

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo dá wà, mo fọwọ́ kan ìgò náà, ó gbóná. Mo ki ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru bọ inú rẹ̀: díígírì 47. PCL gbígbẹ ń yọ́ ní nǹkan bí díígírì 60, àmọ́ nínú ethanol, irúgbìn kéékèèké kò ní dúró dìgbà yẹn. Èyí tó kéré jù ló kọ́kọ́ ń yọ́. Tó bá tutù, á lọ dì mọ́ èyí tó ṣẹ́kù. Irúgbìn á wá kéré níye, á sì tóbi ṣákaṣàka, kò sì sí bí okùn ṣe máa dọ́gba mọ́.

Nítorí náà, gbé ìgò náà sínú omi oníyìnyín. Tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú méjì, pa á, jẹ́ kó sinmi fún mẹ́wàá, kí o tún tàn án. Inú ìgò ni kí o ti wọn ooru, má wo ohun tí ojú ẹ̀rọ ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ìyókù kò le: tu pólímà sínú THF (kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ pólímà), kán an díẹ̀díẹ̀ sórí irúgbìn, gbọ̀n ọ́n, fi í sílẹ̀.

Ní ti THF, wo ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìgò rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ máa ń ní peroxide, tí wọ́n bá gbẹ ẹ́ lórí iná, ó lè bú gbàmù. Uranyl acetate tí o fi kun okùn kí o tó ya àwòrán ńkọ́? Májèlé ni, ó sì ní ìtànṣán. Wọ ìbọ̀wọ́, má dà á sí síǹkì. Ṣe ni wọ́n gbé e lé èmi lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ohun tí o béèrè, bóyá kí o gé PCL rẹ kúrú. Rárá, má tíì fọwọ́ kàn án. Àwọn wẹ́wẹ́ yẹn lè jẹ́ pé o da pólímà lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó pọ̀ jù, ó wá ń dá dì fúnra rẹ̀ láìdúró de irúgbìn. Ìyẹn ni mo ṣe ní díẹ̀díẹ̀. Kọ́kọ́ ya àwòrán irúgbìn nìkan, kí o wọn gígùn irúgbìn tó tó 200 níye, ó kéré tán. Bí ìyẹn fúnra rẹ̀ kò bá dọ́gba, sonicator ni. Kọ iye tí o bá rí síbí, àti iye díígírì inú ìgò, mo máa dá ọ lóhùn.