Mo Ní Kí Servo Dúró, Ó Ṣì Ń Rá Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Poly ni mo wà, mo ń ṣe róbọ́ọ̀tì kékeré onítáyà méjì, Arduino Uno, pátákó kékeré tá a ń kọ kóòdù sí, ni mo lò pẹ̀lú servo FS90R méjì, ìyẹn mọ́tò kékeré tá a ń fi kóòdù darí, irú èyí tó ń yí láìdúró yẹn. Mo kọ write(90) sínú kóòdù kó lè dúró àmọ́ ó ṣì ń rá lọ bí ìgbín. Tí mo bá tún ní kó lọ síwájú, ńṣe ló máa ń pòòyì lójú kan. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti ta èyí tó bàjẹ́ fún mi, kí n lọ ra òmíràn.

ÌDÁHÙN: Má ra nǹkan kan o jàre, fowó ẹ sápò. Servo ẹ ò bàjẹ́, ohun tó o rò pé ó jẹ́ ni kò jẹ́. Ṣó o rí servo tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, potentiometer kan wà nínú ẹ̀ tó ń bá ọ̀pá ẹ̀ yí, òun ló ń sọ fún un pé ibi tó o dé rèé, ìdí nìyẹn tó o bá ní 90 tó máa lọ sí 90 tó sì máa dúró síbẹ̀. Nínú tìẹ yìí, wọ́n ti já potentiometer yẹn kúrò lára ọ̀pá, kò wá mọ ibi tó wà mọ́, nọ́ńbà tó ò ń fún un ti di eré sísá, pé kó yí sápá ibí tàbí apá ọ̀hún, kó yára tàbí kó rọra. Nọ́ńbà àárín ni "dúró".

Ibi tó ti ń ta jàǹbá fún yín nìyí. Servo ò mọ 90 rárá, pulse ló ń gbọ́, ìyẹn iná tó ń wá fẹ́ẹ́ tó sì ń lọ, ọ̀kan ní gbogbo milisẹ́kọ́ǹdù 20, tí pulse yẹn bá gùn tó microsecond 1500 (microsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ǹdù) ló máa ń dúró. Àmọ́ library Servo ti Arduino, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún wa, gbà pé 0 jẹ́ 544, 180 jẹ́ 2400, tó o bá wá pín in sí méjì, 1472 ni 90 máa bọ́ sí, kò dé 1500! Àwọn servo kan ò ní fura, tìẹ fura. Torí náà pa write(90) yẹn rẹ́, kọ writeMicroseconds(1500).

Tó bá ṣì ń rá, wo ara servo náà dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ní ihò kékeré kan tí nǹkan bíi ìdè wà nínú ẹ̀. Jẹ́ kí kóòdù máa rán 1500 sí i, kó o wá fi skudírafà tó tín-ín-rín, èyí tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì ojú, rọra yí i títí táyà á fi dákẹ́. Rọra o, kì í ṣe ìdè mọ́tò. Tí kò bá níhò, máa wá nọ́ńbà tiẹ̀ kiri, 1490, 1485, 1510, servo kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, kódà àwọn méjì tó o rà lọ́jọ́ kan náà.

Ti pòòyì yẹn rọrùn. Ìwọ wo ẹni méjì tó kọjú síra wọn, tó o bá ní kí wọ́n nawọ́ sápá ọ̀tún, ṣé ibì kan náà lọwọ́ wọn máa kọrí sí? Bí servo méjèèjì ṣe wà lára róbọ́ọ̀tì ẹ nìyẹn. Fún ọ̀kan ní 1700, fún èkejì ní 1300. Kò ní lọ tààrà lẹ́sẹ̀ kan náà ṣá, ọ̀kan máa yára ju èkejì lọ díẹ̀, máa mú nọ́ńbà èyí tó yára sún mọ́ 1500 ní mẹ́wàá-mẹ́wàá títí wọ́n á fi bára mu.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra servo tí wọ́n kọ "360" sí lára fún ọmọ mi kó lè máa fi yí kámẹ́rà, àmọ́ kì í dúró níbi tá a bá ní kó dúró.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. "360" yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń mú mi bínú gan-an. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ó máa ń yí láìdúró, kì í ṣe pé ẹ lè ní kó dúró sí 270. Tí ìdajì yíyí bá tó kámẹ́rà yẹn, ẹ ra èyí tó jẹ́ 180. Tó bá gbọ́dọ̀ yí po, stepper motor, mọ́tò tó ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá.

ÌBÉÈRÈ: Gbogbo ìgbà tí táyà róbọ́ọ̀tì mi bá ti fẹ́ yí ni Arduino máa ń kú tó tún máa ń tan. Bátìrì 9V ni mo lò.

ÌDÁHÙN: Ṣé onígun mẹ́rin kékeré yẹn? Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wá àṣìṣe nínú kóòdù nígbà témi náà lò ó, kóòdù ò sì jẹ̀bi. Kò lágbára tó lè gbé servo méjì, tí wọ́n bá ti fà á, iná á lọ sílẹ̀, Arduino á sì kú. Má sì gba iná servo látara 5V Arduino náà. Ra bátìrì AA mẹ́rin fún àwọn servo nìkan, wáyà pupa lọ sí pọ́sítíìfù, wáyà búráùn lọ sí nẹ́gétíìfù, kó o wá so nẹ́gétíìfù bátìrì yẹn mọ́ GND, ìyẹn ojú nẹ́gétíìfù, Arduino. Tó ò bá so ìyẹn, servo á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, wàá tún kọ̀wé sí mi.