Ẹ fi eré sísá sílẹ̀ ná, ẹ kọ́ bí a ṣe ń mí nínú omi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kàbà ni mo ń gbé. Mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù, mo lè sá kìlómítà 5 láìdúró, mo sì ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Àmọ́ tí mo bá wọ omi, n kì í lúwẹ̀ẹ́ kọjá mítà 20 tí èémí fi ń tán. Ọ̀sẹ̀ 12 ló kù kí n ṣe tráyátílọ́ọ̀nù mi àkọ́kọ́, ìdíje tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, gun kẹ̀kẹ́, tí a sì ń sáré, èyí tó kúrú. Báwo ni kí n ṣe múra?

Ìdáhùn: Mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà 5 lẹ́sẹ̀, láìsinmi láàárín: ohun tó wà níwájú yín nìyẹn. Eré sísá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó o. Ẹ wọ omi lẹ́ẹ̀mẹta.

Èémí tó ń tán yẹn kì í ṣe àìlágbára. Ẹ̀ ń sé e mọ́ àyà nígbà tí ojú wà nínú omi ni. Tí ẹ bá wá yí orí, ẹ ní láti kọ́kọ́ mí síta kí ẹ tó mí sínú, àyè ò sì gba méjèèjì. Ẹ ó wá gbé orí sókè, ìdí àti ẹsẹ̀ á rì, apá á sì máa wọ́ gbogbo ara bí ìtì igi. Ẹ dúró níbi tí omi ti mu yín dé àyà, ẹ di etí ògiri mú, ẹ ki ojú bọ omi, kí ẹ máa kùn hùùù nímú kí omi máa hó. Lẹ́yìn náà ẹ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí etí kan ṣì wà nínú omi, ẹ mí sínú, ẹ yí padà. Ẹ ṣe é nígbà 20 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ rárá. Lẹ́yìn èyí, mítà 25 lọ́nà 8, ìsinmi ààbọ̀ ìṣẹ́jú láàárín. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mítà 50 lọ́nà 8. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mítà 100 lọ́nà 6. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹ rọra wẹ 750 tán.

Ẹ lo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹni tó mọ̀wẹ̀ sì máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá nìkan wọ Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Ìṣàn rẹ̀ lágbára, ibi tí omi odò bá sì ti rọ̀ ni kòkòrò tó ń fa àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ti máa ń gba awọ ara wọlé.

Kẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: orúnkún gbọ́dọ̀ nà. Tó bá ká, ìjókòó ti rẹlẹ̀ jù, orúnkún ló máa jìyà rẹ̀. Kàbà kò tẹ́jú, nítorí náà ẹ ti bọ́ sí jíà tó fúyẹ́ kí ẹ tó kan òkè. Ẹ yẹra fún ọ̀nà Ọbàjánà, tírélà sìmẹ́ǹtì pọ̀ níbẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ní gbogbo Sátidé, ẹ gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 40, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì sáré ìṣẹ́jú 10 lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ á wúwo bíi pé ẹrẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fipá nà án. Ẹ gbé e kúkúrú, kíákíá, á sì máa já geere díẹ̀díẹ̀.

Bí ìdárayá bá ju wákàtí kan lọ nínú oòrùn, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú omi lítà kan, kí ó má ga ju etí ṣíbí lọ o, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ dín gbogbo ìdárayá yín kù sí ìlàjì. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ de okùn akoto kí ẹ tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, torí wọ́n máa ń fìyà jẹ ẹni tó bá gbàgbé.