Ṣé ó yẹ kí a gba afinimọ̀nà kí a tó gun òkè Pico do Fogo ní Cape Verde?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gba ọmọ bíbí Chã das Caldeiras, àdúgbò tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, nítorí pé òkè ayọnáyèéfín yìí, tí gíga rẹ̀ tó mítà 2,829, dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ àti eérú rẹ̀ sì máa ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Àpáta yíyọ́ tí ó ṣàn jáde láti oṣù kọkànlá ọdún 2014 títí di oṣù kejì ọdún 2015 bo abúlé Portela àti Bangaeira, tí wọ́n wà ní Chã das Caldeiras, mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ padà wá kọ́ ilé, wọ́n sì ń gbin àjàrà sínú eérú náà, owó tí àlejò bá san fún afinimọ̀nà àti ibùsùn sì wà lára ohun tí ó ń gbé wọn ró. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí yín sọ̀kalẹ̀.