Má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ìsinmi ìbímọ rẹ ti ń parí lọ, ọkọ rẹ ní kí o jókòó tọ́mọ, òun á máa fún ọ lówó lóṣooṣù. O tún ní o ti ń ka ìtàn àwọn ìyá tó fiṣẹ́ sílẹ̀ tí ọwọ́ wọn sì mókè nílé. Èmi náà ti ka díẹ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹnìkan wà níbì kan tó ń bá wọn gbé ọmọ pọ̀n, wọn ò kàn dárúkọ rẹ̀ ni.

Ohun tí mo kà láìpẹ́ yìí tó wúlò fún mi jù, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ni, abala 54. Ó ní obìnrin tó bá mú ìwé dókítà wá pé ìbímọ òun kò ní ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ mọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sílé. Wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tó bá bímọ. Tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Tó bá wọlé padà tó sì ń fọ́mọ lọ́mú, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló tọ́ sí i láti fi fọ́mọ lọ́mú. Ààbọ̀ wákàtí yẹn ló dùn mí jù. Bí ẹni ń tọrọ bárà ni mo ṣe gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá wa nígbà àkọ́bí mi, ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ló sì gbà fún mi.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe àkọsílẹ̀ owó nígbà náà. Ìdajì owó oṣù ni wọ́n san, nígbà tó jẹ́ pé oṣù ìkókó gan-an ni owó ń jáde lọ́wọ́ èèyàn bí omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó kíkún. Láti 2014 ni ìjọba Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù 6 fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba lo ń ṣe, má jẹ́ kí n tún gbọ́ pé o fẹ́ fi í sílẹ̀. Àwa tó wà lọ́dọ̀ aládàáni ni ọ̀rọ̀ yìí le fún.

Wá ẹni tó máa bá ọ tọ́jú ọmọ nítòsí ibi iṣẹ́, kì í ṣe nítòsí ilé. Gbogbo èèyàn ló máa sọ òdìkejì fún ọ. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wa tó ń gba ọmọ tọ́jú, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé tèmi sí. Mo lè sáré lọ fún un lọ́mú kí n sì padà kí ọ̀gá tó wò yíká. Tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá dé lálẹ́, èmi àtọmọ la jọ wà nínú rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Ní ti owó, ẹ̀lúbọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Obìnrin kan ń bá mi rà á láti Ṣakí, mo ń wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń rà á, wọ́n ń sanwó níparí oṣù. (Má tàwìn fún ẹni tó jù ọ́ lọ lẹ́nu iṣẹ́ o. Báwo lo ṣe fẹ́ sìn ín?) Èrè ibẹ̀, alájọ ni mo ń dá a fún. Owó ọjọ́ kan ló ń yọ lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, n ò ráhùn, nítorí owó tó bá ti wà lọ́wọ́ alájọ, ẹbí ò lè wá yá a. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Onídùúró méjì ni wọ́n ní kí n mú wá kí wọ́n tó yá mi ní ìlọ́po méjì ohun tí mo ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Owó yẹn ni mo fi gba ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi dá òṣìṣẹ́ dúró, ṣọ́ọ̀bù ló sanwó ilé tó tún sanwó ilé-ìwé.

Kò sẹ́ni tó ń ka ti ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn. Tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yín bá tó 15, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán 8% nínú owó oṣù rẹ, kí àwọn náà fi 10% kún un. Ọjọ́ tí o bá jókòó sílé, méjèèjì dúró. Owó tí ọkọ rẹ máa fún ọ kò ní 10% kankan nínú.

N ò sọ pé ọkọ rẹ ń tàn ọ́. Ó lè jẹ́ tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o ti pinnu láti jókòó, má gba ti oṣooṣù. Owó oúnjẹ ni èyí máa dà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì máa jẹ ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa, owó òwò ni ọkọ fún wọn nígbà tí wọ́n wọlé ọkọ. Èrè rẹ̀ di tiwọn, ọkọ kì í bi wọ́n bí wọ́n ṣe ná an. Sọ fún un pé kó kó owó oṣù 6 tó ṣèlérí yẹn fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó oúnjẹ wà lọ́tọ̀. Tó bá ní kò sí, o ti mọ bí oṣù kẹta ṣe máa rí nìyẹn, kí o yáa padà síbi iṣẹ́. Kó jẹun tán kí o tó sọ ọ́ o.