Ìjókòó Márùn-ún fún Ìpayà Ọdún Kan Ààbọ̀: Ṣé Ó Lè Ṣiṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ń ta páàtì ọkọ̀ níhìn-ín ní Kúbwá, Kàdúná ni ó sì ti máa ń ra ọjà. Ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin tí ó jókòó tì í. Láti ìgbà náà kì í rí oorun sùn. Bí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá dún gbàù, ó ti dojú bolẹ̀. Kò gba ọ̀nà Zuba tí ó lọ sí Kàdúná mọ́, ọjà sì ti ń tán ní ṣọ́ọ̀bù. Alàgbà kan ní ìjọ wa ní kí a mú un jókòó lóru ọjọ́ kan, kí ó sọ gbogbo rẹ̀ tán pátápátá. Ó fárígá, ó ní òun kò ní fi ẹnu òun tún un sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá gbọ́ lórí rédíò pé ìtọ́jú kan wà tí ó jẹ́ ìwé kíkọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọgbọ́n àtigbowó? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣé mo lè ra ìwé fún un kí ó máa kọ ọ́ nílé?
Ìyá Ìbejì, Kúbwá, Àbújá

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì bá wa kí Bàbá Ìbejì. Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́.

Kì í ṣe inú lẹ́tà ni a ti ń mọ àìsàn, nítorí náà dókítà ni yóò sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ jọ èyí tí wọ́n ń pè ní PTSD, ìyẹn àìsàn ìpayà tí kì í lọ lẹ́yìn ohun tí ó dẹ́rù bani, tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ sínú ìwé àìsàn wọn ní ọdún 1980. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàì ní wárìrì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti kọjá oṣù kan tí kò lọ, tí ó sì ti ń ba iṣẹ́ àti ilé jẹ́, ó ti di ohun tí à ń tọ́jú. Ojo kọ́ ni ọkọ yín o.

Denise Sloan àti Brian Marx, àwọn onímọ̀ nípa ìlera ọkàn ní ìlú Boston, ni ó ṣètò ìtọ́jú ìwé kíkọ náà. Ìjókòó márùn-ún ni. Ní èyí àkọ́kọ́, olùtọ́jú yóò ṣàlàyé bí ìpayà ṣe ń di àìsàn àti ìdí tí ìwé kíkọ fi lè mú un rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò jáde kúrò nínú yàrá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹni náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ohun tí ó rí, ohun tí ó gbọ́, ohun tí ó ń rò, bí àyà rẹ̀ ṣe ń já. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo náà ni yóò máa padà sí nígbàkúùgbà tí ó bá tún wá, títí yóò fi máa kọ nípa ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti sọ ayé rẹ̀ dà. Kò sí ẹni tí yóò máa wá àṣìkọ kiri nínú rẹ̀, n kò sì rí ìdí tí kò fi yẹ kí ó kọ ọ́ ní èdè Yorùbá.

Ní ọdún 2018, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti pín àgbàlagbà 126 sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú: àwọn 63 kọ ìwé lẹ́ẹ̀marùn-ún, àwọn 63 yòókù sì gba ìtọ́jú oníjókòó 12 tí Patricia Resick dá sílẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ti gbára lé tipẹ́. Ìpayà rọlẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì, ìwé kíkọ kò sì rẹ̀yìn lọ́nà tí a lè torí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ mí lójú jù ni iye àwọn tí kò parí: ẹni 4 péré ló fi ìwé kíkọ sílẹ̀ láàárín, nígbà tí ẹni 25 fi ìtọ́jú oníjókòó 12 sílẹ̀. Ìtọ́jú kejì yìí ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìwé kíkọ kò ní. Fún oníṣòwò tí ó ń rò pé gbogbo ọjọ́ tí òun bá ti ṣọ́ọ̀bù ni owó ń sọnù, mo gbà pé ibí yìí ni àǹfààní rẹ̀ wà jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kọ ọ́ ni ara rẹ̀ yá pátápátá, ẹ má fi ìyẹn ṣèlérí fún un.

Ní ti ìmọ̀ràn alàgbà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Nígbà kan rí, àwọn dókítà fúnra wọn gbà pé kí ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì tú gbogbo rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1997, Jonathan Bisson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Wales dán an wò láàárín àwọn tí iná jó. Lẹ́yìn oṣù 13, ìpín 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n mú jókòó ló ní PTSD; láàárín àwọn tí wọn kò mú jókòó, ìpín 9 péré ni. Ó tọ́ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n mú jókòó ti le díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ìjókòó náà. Àǹfààní ni a kò rí níbẹ̀, àwọn tí ó sì kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ yẹ̀ wò ní ọdún 2002 náà kò rí àǹfààní kankan. Lóòótọ́, àwọn tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n dán an wò lára wọn, ti ọkọ yín sì ti pẹ́. Síbẹ̀, fífi ipá mú ènìyàn sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ kan, kí a sì wá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò jọ ìtọ́jú tí mo ń sọ rárá.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìpayà ń jẹun lára sísá. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ yín bá yà fún Zuba, ara rẹ̀ á balẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì tún gbà pé Zuba gan-an ni ikú wà. Bí ó bá ń padà sí ọ̀rọ̀ náà nínú yàrá tí kò séwu, tí ó ń dúró tì í títí ìbẹ̀rù yóò fi lọ sókè tí yóò sì tún sọ̀ kalẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ohun tí ó ti kọjá ni, kì í ṣe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ má ra ìwé fún un nílé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá èrò àtipa ara rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ tàbí ọtí ti wọ̀ ọ́, kí ó sì wà nítòsí ní ọjọ́ tí ìwé kíkọ bá mú ẹkún wá. Bákan náà, ẹ má ra oògùn oorun fún un ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà. Àwọn oògùn bíi diazepam kì í wo ìpayà yìí sàn, wọ́n sì máa ń di bárakú.

Bí ó bá sọ pé òun kò lè kọ̀wé, ọ̀nà mìíràn wà tí olùtọ́jú yóò ti máa bá a kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Uganda, àwọn tí kì í ṣe dókítà ni wọ́n kọ́ láti ṣe é fún àwọn olùwá-ibi-ìsádi láti Rwanda àti Somalia. Ìjókòó mẹ́fà ni. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gbà á ni kò tún bọ́ sábẹ́ àpèjúwe PTSD mọ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní Barnawa ní Kàdúná, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ó ń sá fún. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Gwagwalada, kí ẹ béèrè ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹni tí ó kọ́ bí a ṣe ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti dojú kọ ohun tí ó dẹ́rù bà á. Ẹ sọ fún Bàbá Ìbejì pé kò ní fi ẹnu sọ ọ́ ní ọjọ́ náà bí kò bá fẹ́. Bí ó bá kọ ọ̀nà Zuba, ẹ gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú títí dé Giri, kí ẹ sì yà sí Gwagwalada láti ibẹ̀. Ó jìn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà.