Ẹ Bi Wá: Ṣé dandan ni kí DLL wà lórí dísìkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ prógíráàmù kan fún Windows, DLL mẹ́ta (fáìlì kóòdù tí prógíráàmù ń yá lò) ló ń tẹ̀lé e kiri, àwọn tó ń lò ó á ṣèèṣì pa ọ̀kan rẹ́, kò wá ní ṣí mọ́, èmi náà ni wọ́n á tún pè. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ sínú exe (fáìlì prógíráàmù náà gan-an) bíi resource (dátà tí exe gbé sínú), àmọ́ orúkọ fáìlì ni LoadLibrary (function Windows tó ń ṣí DLL) ń bi mí, kò gba bytes. Ṣé mi ò lè lò ó látinú mẹ́mọ́rì tààrà ni?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Windows ń bá yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ fẹ́ gbé rù yẹn o. Ẹ̀yin lẹ máa fi VirtualAlloc gbààyè nínú mẹ́mọ́rì, kẹ́ ẹ kó section (apá) kọ̀ọ̀kan DLL náà síbi tó yẹ ẹ́, kẹ́ ẹ tún àwọn àdírẹ́sì inú ẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ wá àwọn function tó ń yá lọ́wọ́ DLL míì, kẹ́ ẹ tó wá pe DllMain (function tí DLL fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́). Tó bá jẹ́ 64-bit tẹ́ ẹ wá gbàgbé RtlAddFunctionTable (òun ló ń jẹ́ kí Windows mọ àwọn function inú DLL náà), ọjọ́ tí exception (àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́) bá ṣẹlẹ̀ nínú DLL yẹn ni prógíráàmù máa kú fin-ín-fin. GetModuleHandle (function tó ń wá DLL tó ti ṣí) gan-an ò ní mọ̀ ọ́n, torí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé Windows.

DLL tó wá látorí dísìkì, tí prógíráàmù mẹ́wàá bá ń lò ó, kóòdù kan náà ni gbogbo wọn jọ ń pín nínú RAM. Tiyín, kálukú á gbé tiẹ̀ ni. Antivirus náà ò ní gbà yín gbọ́, ọgbọ́n tí fáírọ́ọ̀sì ń dá náà kúkú nìyẹn.

(Tó bá jẹ́ .NET, ìyẹn pèpéle Microsoft fún kíkọ prógíráàmù, ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: Assembly.Load tiẹ̀ ń gba bytes, àmọ́ Location ẹ̀ (ibi tí fáìlì ẹ̀ wà) á ṣófo. Lórí Linux, láti kernel (ọkàn Linux) 3.17, memfd_create ń ṣe fáìlì tí ò kan dísìkì, dlopen (LoadLibrary ti Linux) á sì ṣí i látinú /proc/self/fd.)

Témi bá ni, tí source àwọn DLL yẹn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ exe nígbà tẹ́ ẹ bá ń compile, kò sí DLL tẹ́nì kankan máa parẹ́ mọ́. Tí ò bá sí, ẹ jẹ́ kí exe kọ wọ́n sínú fódà tí ẹlòmíì ò lè kọ nǹkan sí, kẹ́ ẹ fún LoadLibrary ní path (ọ̀nà dé ibi tí fáìlì wà) rẹ̀ tán pátá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹnì kan lè ti fi DLL tiẹ̀ síbòmíì de yín.